Bí A Ṣe Ń Yẹ Àdúgbò Wò Lẹ́yìn Ìjì Hurricane

Bí ìjì hurricane, ìyẹn ìjì ńlá tó ń ti orí òkun wá, bá ti kọjá, kò sí ẹni tí kì í fẹ́ jáde lọ wo ohun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ká lọ wòran yàtọ̀ sí ká lọ yẹ àdúgbò wò. Ìtàn ni ẹni tó lọ wòran máa mú bọ̀ wálé. Ẹni tó lọ yẹ àdúgbò wò máa mú àkọsílẹ̀ bọ̀, èyí tí ẹlòmíì lè fi ṣiṣẹ́: ìjọba tó fẹ́ mọ iye ilé tó wó, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó fẹ́ mọ̀ bóyá atẹ́gùn ló ṣe é tàbí omi, àwọn aṣèrànwọ́ tó ń wá ilé tí arúgbó kan ń dá gbé. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí wọ́n lè gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́: ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá ní èrò kan nípa ohun tó fà á, ẹ wá àyè míì fún un lórí ìwé náà, kí ẹ sì sọ pé èrò yín ni.

Àwọn ará àdúgbò ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnjiníà. Ẹnjiníà ló lè sọ pé ilé kan ṣeé gbé tàbí kò ṣeé gbé. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ sọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má tètè jáde

Ojú ìjì máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Láàárín hurricane ńlá, ibì kan wà tí atẹ́gùn ti máa ń rọlẹ̀, tí òjò máa ń dá, tí ojú ọ̀run tiẹ̀ lè mọ́. Ó sábà máa ń fẹ̀ tó kìlómítà 30 sí 65. Bó bá gba orí àdúgbò yín kọjá, ẹ máa rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ìdajì tó kù ń bọ̀, òdìkejì ni atẹ́gùn rẹ̀ sì máa gbà wá, á wá bá àwọn ògiri àti igi tí apá àkọ́kọ́ ti mì. Torí náà, ẹ gbé rédíò tó ń lo bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ dúró títí àwọn aláṣẹ á fi kéde pé ìjì ti kọjá pátápátá.

Bó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n kéde rẹ̀, ẹ sùn. Ojúmọmọ ni iṣẹ́ yìí. Tọ́ọ̀ṣì kì í fi wáyà tó já hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ihò tí omi ti gbé ìdérí rẹ̀ lọ hàn.

Bí omi bá ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ má wọ inú rẹ̀, yálà ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn tàbí ọkọ̀ lẹ wà. Omi tó ń ṣàn tí kò ga ju ínǹṣì 6 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá ga tó ínǹṣì 12, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré; bó bá tó ẹsẹ̀ bàtà 2, èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ni yóò gbé lọ, títí kan àwọn jíìpù tí àwọn tó ni wọ́n máa ń fọkàn tán. Yàtọ̀ síyẹn, ta ló mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ omi náà? Ibi tí ẹ ò bá lè dé, ẹ kọ “a ò lè dé ibẹ̀” síwájú àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti kọ ọ́. FEMA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àjálù ní Amẹ́ríkà, ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń lọ, àti ohun tí wọ́n máa mú dání

Èèyàn méjì ló kéré jù. Ọ̀kan á máa wo ilé, á sì máa pe ohun tó rí sókè. Èkejì á máa kọ ọ́, á sì máa ṣọ́ ilẹ̀ àti òkè, torí ojú ẹni tó ń wo òrùlé kì í sí lára ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí ẹnì kẹta, kó máa ya fọ́tò. Kí ẹni tó kù sílé mọ òpópónà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ máa padà, kó sì mọ ohun tó máa ṣe bí ẹ ò bá dé lásìkò. Ẹ má gbọ́kàn lé fóònù. Lẹ́yìn ìjì, òpó tẹlifóònù lè ti wó, bátìrì sì lè kú láìsí iná tí ẹ máa fi gbà á.

Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, torí ìṣó máa wà níbi gbogbo, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò gígùn àti akoto bó bá wà. Ẹ mú téèpù ìwọ̀n, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, ìbòmú àti oògùn ojú egbò. Pẹ́ńsù dára ju bírò lọ, omi kì í tètè pa á rẹ́.

Máàpù orí bébà ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹrù náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ fọwọ́ yà á kí ìjì tó dé, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi èyí rẹ́rìn-ín, pé máàpù wà lórí fóònù. Nígbà tí hurricane tí wọ́n sọ ní Andrew (wọ́n máa ń fún irú ìjì yìí lórúkọ bí èèyàn) ja gúúsù Florida ní August 1992, ó gbé pátákó orúkọ òpópónà lọ lọ́pọ̀ ibi, àwọn onílé sì ń fi ọ̀dà kọ àdírẹ́sì wọn sára ògiri tó ṣẹ́ kù kí wọ́n lè rí wọn. Bí nọ́ńbà ilé bá ti bá atẹ́gùn lọ, máàpù yẹn ló máa sọ fún yín pé ilé kẹrin láti ìkóríta lẹ wà.

Ìrìn àkọ́kọ́: ẹ gba ojú ọ̀nà kọjá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ rin àdúgbò náà. Ìrìn àkọ́kọ́ yá kánkán. Ẹ má wọ ilé kankan, ẹ má wọn nǹkan kan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín dúró fún ìtàn gígùn. Ewu lẹ ń wá, àti ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ báyìí báyìí.

Wáyà iná ni ẹ kọ́kọ́ máa wá. Wáyà tó bá wà nílẹ̀, ẹ gbà pé iná wà lára rẹ̀ títí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fúnra rẹ̀ á fi sọ pé kò sí. Kò tó kí ẹ sọ pé gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn: bí ẹnì kan bá so jẹnẹrétọ̀ mọ́ wáyà ilé rẹ̀ láìtọ́, iná á gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sórí wáyà ìta. Ẹ jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 35, ìyẹn bíi mítà 10, kí ẹ sì jìnnà bẹ́ẹ̀ sí ohunkóhun tí wáyà náà fara kàn: fẹ́ǹsì onírin, ọkọ̀, omi tó dúró. Bí ẹ bá ṣàdédé rí i pé ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ má sá. Ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ẹ máa wọ́ wọn lọ díẹ̀díẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè, torí iná tó bá wọ ilẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ kan gòkè kó sì gba èkejì jáde bí ẹsẹ̀ bá ya ara wọn.

Géèsì ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, tàbí tí ẹ gbọ́ ohun tó ń hó ṣìì, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ kó àwọn tó wà nínú ilé náà jáde. Ẹ má tan síwíìṣì, ẹ má sì pa á. Ó di ìgbà tí ẹ bá ti jìnnà kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ kí ẹ sì kọjá lọ. Bí ẹ bá rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáráàjì tàbí lábẹ́ fèrèsé, ẹ kan ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sọ fún onílé. Èéfín carbon monoxide tó ń jáde látinú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ó kéré tán, kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé.

Ẹ wo òkè fún ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ àmọ́ tí kò tíì já bọ́, ẹ wo ìdí igi fún ilẹ̀ tó ti ru sókè. Ẹ ṣọ́ra fún ejò nínú pàǹtírí. Bí ẹ bá rí ohun pupa rúsúrúsú tó ń léfòó lórí omi bí ẹní, eèrùn ni. Ní Houston, lẹ́yìn Harvey lọ́dún 2017, irú rẹ̀ kún ojú omi, wọ́n sì máa ń ta. Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ kò tíì mọ̀: ọkọ̀ oníná tí omi òkun ti bò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Ian lọ́dún 2022, àwọn kan lára wọn gbiná ní Florida nígbà tí omi ti fà tán. Ẹ sàmì sí ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹ sì gba onílé nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 50.

Ẹ tún lè rí àmì X ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń wá èèyàn kiri ló kọ ọ́. Àwòrán rẹ̀ káàkiri New Orleans lẹ́yìn Katrina lọ́dún 2005. Ohun tó wà lápá òsì ni orúkọ ikọ̀ tó wọlé, ohun tó wà lókè ni ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n jáde, ọwọ́ ọ̀tún ni ewu tí wọ́n bá pàdé, ìsàlẹ̀ sì ni iye èèyàn tí wọ́n rí, alààyè àti òkú. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló dábùú, wọ́n wọlé àmọ́ wọn kò tíì jáde. Ẹ dà á kọ sínú ìwé yín bó ṣe wà, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nù ún kúrò.

Èèyàn ṣáájú òrùlé

Lẹ́yìn tí hurricane Maria ja erékùṣù Puerto Rico ní September 2017, èèyàn 64 ni ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ó kú. Nígbà tó di August 2018, ìjọba kan náà gba 2,975. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí kò kú lọ́jọ́ ìjì rárá. Iná kò sí fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀nà dí, ilé ìwòsàn kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, aláìsàn sì wà nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ lè má jò pàápàá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó máa ń ka òrùlé nìkan, tí wọ́n á wá kọ “kò sí nǹkan kan” síwájú ilé tó dúró ṣinṣin.

Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ ń ṣe. Ìbéèrè kò gbọdọ̀ pọ̀. Èèyàn mélòó ló máa sùn síbí lálẹ́ òní? Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tó ń lo ẹ̀rọ atẹ́gùn oxygen, tó ń lọ fọ kíndìnrín, tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tó yẹ kó wà nínú fíríìjì? Omi tó ṣeé mu ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà tí ẹ ò tíì gbúròó rẹ̀? Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ń dá gbé, ẹ bi í léèrè ẹni tó fẹ́ kẹ́ ẹ kàn sí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni náà.

Ohun méjì kan wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìlérí. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìrànwọ́ ń bọ̀ lọ́la bí kò bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e wá. Ẹ kàn sọ pé ẹ máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Èkejì ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àìsàn sórí ìwé kan náà tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ilé sí. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ilé lè dé ọwọ́ ẹni púpọ̀, àmọ́ ìwé àìsàn kò gbọdọ̀ kọjá ọwọ́ àwọn tó máa ṣètọ́jú.

Ìrìn kejì: ilé kọ̀ọ̀kan

Nísinsìnyí ẹ lè fara balẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé, kí ẹ yí ilé náà po bí ẹ bá ráyè gba gbogbo ìhà mẹ́rin, kí ẹ máa wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí ilé náà bá ti fara tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó ti yẹ̀ kúrò lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹ dúró sójú ọ̀nà. Ohun tí ẹ rí láti ibẹ̀ ti tó.

Ní òrùlé, igun àti etí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti máa ń fa òrùlé sókè jù, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ kọ irú ìbàjẹ́ tó jẹ́: ṣé ohun tí wọ́n fi bo òrùlé nìkan ló lọ, ṣé pákó abẹ́ rẹ̀ náà lọ, ṣé ẹ ń rí inú ilé láti ìta? Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo ilẹ̀kùn gáráàjì dáadáa, torí pé bí ilẹ̀kùn ńlá bẹ́ẹ̀ bá fọ́, atẹ́gùn á wọlé, á máa ti òrùlé láti inú nígbà tí tìta ń fà á. Ilé tí gáráàjì rẹ̀ ti fọ́, ẹ tún òrùlé rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì.

Lára ògiri, ẹ wo bóyá ó ṣì dúró gbọọrọ, àti bóyá ó là láti igun fèrèsé lọ síhà òkè. Ẹ bi onílé bóyá ilẹ̀kùn tó ń pa dé dáadáa tẹ́lẹ̀ ti wá ń há. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, férémù ilé lè ti yẹ̀ nìyẹn, ẹnjiníà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Nísàlẹ̀, ẹ wo bóyá omi ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kúrò nídìí ìpìlẹ̀ tàbí nídìí òpó tí ilé dúró lé, kí ẹ sì wọn bí ihò náà ṣe jìn tó.

Onílé lè fi ojú àánú sọ fún yín pé ìjì ló fa gbogbo ohun tí ẹ rí. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ kọ bí ojú ibẹ̀ ṣe rí. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń mọ́, etí rẹ̀ máa ń mú, àwọ̀ pákó inú rẹ̀ ṣì máa ń tàn. Èyí tó ti pẹ́ máa ń ní eruku, ìpẹta, tàbí ohun aláwọ̀ ewé tó hù lójú rẹ̀.

Fún ìsọ̀rí, èyí tí FEMA ń lò fún ilé gbígbé dára, ó rọrùn láti rántí. Ilé tí ohun tó ṣe é kò ju ti ojú lásán lọ, tó ṣì ṣeé gbé, wà ní ìsọ̀rí tí ìjì kàn fọwọ́ bà. Èyí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí egungun ilé, ìyẹn ohun tó gbé ilé ró, kò ṣẹ́, ìbàjẹ́ kékeré ni. Bí apá kan lára egungun ilé bá ti ṣẹ́, tàbí tí omi ga tó ínǹṣì 18 nínú yàrá tí wọ́n ń gbé, ìbàjẹ́ ńlá ni. Bó bá jẹ́ pé ìpìlẹ̀ nìkan ló kù, tàbí tí òrùlé àti ògiri jọ wó, ó ti run. Ìsọ̀rí karùn-ún ni ibi tí ẹ ò lè dé. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín méjì, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ohun tó fa iyèméjì náà. Mo mọ̀ pé èyí kì í tẹ́ àwọn tó fẹ́ kí tábìlì mọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju ká méfò lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti lẹ káàdì mọ́ ilẹ̀kùn ṣáájú yín. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé wọn ò rí ohun tó ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé, àwọ̀ ìyeyè túmọ̀ sí pé ààlà wà fún wíwọlé, pupa sì túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀rù máa ń ba onílé gan-an bó bá rí pupa. Ẹ lè fi í lọ́kàn balẹ̀ pé káàdì pupa kì í ṣe àṣẹ pé kí wọ́n wó ilé náà.

Ibo ni omi gbà wọlé?

Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa fara balẹ̀ ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé adójútòfò ilé lásán kì í sábà san owó omi tó kún láti ilẹ̀ wá. Ètò ọ̀tọ̀ ló wà fún ìyẹn, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1968. Bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé tí òjò sì gba ibẹ̀ wọlé, ìwé kan ló kàn. Bí òkun bá ru wọlé látẹnu ọ̀nà, ìwé míì ni. Lẹ́yìn Katrina, ọ̀rọ̀ pé atẹ́gùn ni tàbí omi di ẹjọ́ lóríṣiríṣi ní etíkun Mississippi, níbi tí ohun tó kù nínú ọ̀pọ̀ ilé kò ju ilẹ̀ pẹlẹbẹ lọ. Àkọsílẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ẹ̀rí tí onílé máa ní.

Nítorí náà, bí ẹ bá wọ yàrá, ẹ wòkè kí ẹ tó wolẹ̀. Àbàwọ́n lára àjà, àjà tó ti wú tàbí tó ti ya, omi tó ṣàn bọ̀ láti òkè ògiri: òkè ni ìyẹn ti wá. Ìlà tó yí gbogbo yàrá ká ní ibi gíga kan náà: ìsàlẹ̀ ni ìyẹn ti wá. Méjèèjì lè wà pọ̀, ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìlà omi máa ń tètè pa rẹ́. Oòrùn, òjò kékeré kan àti onílé tó ti gbé ìgbálẹ̀ ti tó láti nù ún kúrò. Ibi tó dára jù láti wá a ni inú ilé, níbi tí omi ti dúró jẹ́ẹ́: inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, yàrá tí kò kọjú sí ìta. Ìgbì máa ń sọ àmì tìta ga ju bí omi ṣe ga gan-an lọ. Ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ tàbí ti èso koríko wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ìlà bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó ga jù ni ẹ máa wọn, torí omi tó ń fà díẹ̀díẹ̀ máa ń fi àmì sílẹ̀ níbi tó bá ti dúró. Pàǹtírí tó há sórí ẹ̀ka igi kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀: ẹ̀ka máa ń tẹ̀ nígbà tí omi bá ń ṣàn, á sì tún na sókè lẹ́yìn náà.

Ẹ wọn ìlà náà láti ilẹ̀ yàrá, kí ẹ sì wọn bí ilẹ̀ yàrá ṣe ga sí ilẹ̀ ìta. Láìsí ìwọ̀n kejì yìí, ẹ ò lè fi ilé kan wé ìkejì. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré, kí ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí onílé bá gbà. Ẹ kọ bóyá omi dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Bí iyọ̀ funfun bá wà lójú ohun tó ti gbẹ, ẹ kọ ọ́. Bí òórùn ìgbẹ́ bá wà, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní egbò lára kó má fọwọ́ kan omi tó kù. Lẹ́yìn Ian, àwọn tó kó àrùn Vibrio vulnificus láti inú omi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní Florida, àrùn náà sì lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ògiri tó tutù lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu láàárín wákàtí 24 sí 48. Ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò yín dá ẹnikẹ́ni dúró láti kó ẹrù tútù jáde. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n gé díẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì tàbí ògiri pamọ́ fún ẹ̀rí, kí wọ́n sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Fọ́tò tó wúlò

Nọ́ńbà ilé tàbí ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ àdírẹ́sì sí ni fọ́tò àkọ́kọ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan, kó lè pààlà sí ti ilé tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ọ̀ọ́kán, kí ẹ tó sún mọ́ ibi tó bàjẹ́. Fọ́tò ihò tí kò sí téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ má tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ pa fọ́tò gan-an tó wà lórí fóònù mọ́, torí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, àlàyé ibi tí ẹ ti yà á kò ní bá a lọ.

Ẹ má gbé fọ́tò ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olè náà ń wo Facebook. Ẹ má sì gbé dúróònù sókè níbi tí hẹlikópítà ti ń wá èèyàn kiri. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ òfuurufú sábà máa ń ti ojú ọ̀run irú ibẹ̀ pa, òfin sì máa mú ẹni tó bá rú u.

Ọ̀nà, gọ́tà àti àwọn yòókù

Lórí ìwé kan péré, ẹ kọ ọ̀nà tó ṣeé gbà àti èyí tó dí, afárá tí etí rẹ̀ ti jẹ, gọ́tà tó kún fún pàǹtírí, òpó tó wó pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ bí ẹ bá lè rí i láti ibi tó jìnnà, àti ibi tí páìpù omi ti bẹ́.

Bí ẹ bá padà sílé

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ tún ìwé náà kọ, kí ẹ tó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ilé aláwọ̀ búlúù méjì á ti di ọ̀kan lórí yín. Ìlà kan fún àdírẹ́sì kan, kí wákàtí tí ẹ dé ibẹ̀ àti orúkọ ẹni tó wò ó wà níbẹ̀. Kí àyè òfìfo má sì sí. Bí ẹ bá wò ó tí ẹ ò rí nǹkan, ẹ kọ “kò sí”. Bí ẹ ò bá wò ó, ẹ kọ “a ò wò ó”. Ẹni tó ń pín ìrànwọ́ lè ka àyè òfìfo sí pé ohun gbogbo wà dáadáa.

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́ yín, èkejì á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó àjálù. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kọ́ńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń kó irú àkọsílẹ̀ yìí jọ fún ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ á sì bá FEMA yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyẹn ni pé àwọn òṣìṣẹ́ máa tún wá wo díẹ̀ lára ilé tí ẹ kọ, wọ́n á sì fi tiwọn wé tiyín.

Ẹ tún jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Igi tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ti rọ̀ lè wó nígbà tí atẹ́gùn kankan kò fẹ́, àjà tó ti mu omi lè já lulẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó bọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn àdírẹ́sì tí ẹ kọ “a ò lè dé ibẹ̀” sí, kí ẹ sì lo ìwé tuntun, pẹ̀lú déètì tirẹ̀, láìpa ohun tó wà lórí ti àkọ́kọ́ rẹ́.